Celica Àtijọ́ àti Tòkunbọ̀ Tuntun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí kò mọ òwe yìí, àmọ́ ìwọ̀nba ni àwọn tí í kíyè sí i pé ohun ìyangàn ni àkísà jẹ́ nínú rẹ̀. Àkísà tí àwọn àgbà ń wí kì í ṣe ẹrù ààtàn. Ẹ̀rí ni pé olówó rẹ̀ ti pẹ́ láyé, aṣọ náà sì ti bá a dé ibi púpọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ bóyá òwe náà ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Èkó òde òní, kí ó lọ wo ẹni tí ó ní ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń rọ̀ pé kí ó fi pààrọ̀ èyí tí ó jẹ́ tuntun sí i.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti rí ní Sùúrùlérè. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, tí agbára sì wà lára, ó ra Toyota Celica onílẹ̀kùn méjì. Orúkọ ọkọ̀ náà dùn ún gbọ́ létí: inú èdè Látìn ni wọ́n ti mú un, ohun tí ó sì túmọ̀ sí ni ohun ti ọ̀run. Ọdún 1970 ni Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ọdún 2006 ni wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ọkọ̀ náà kò ga nílẹ̀, imú rẹ̀ gùn, ẹni tí yóò bá jókòó sẹ́yìn ní láti ká ara rẹ̀ kò bí ẹni tí ń wọ inú àpótí. Kò wúlò fún ẹni tí ó ní ọmọ mẹ́rin, kò wúlò fún ẹni tí ń lọ ra ọjà ní Tejúoṣó. Síbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí ọ̀nà bá dá láti Ojúẹlẹ́gba títí dé Èkó Ìsàlẹ̀, kò sí ohun tí ó dà bíi rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta nǹkan yìí. Ẹ jẹ́ ká fi owó lé e, ká mú èyí tó ń lo kọ̀ǹpútà." Alágbàtà ọkọ̀ náà ti fojú sí i. Ó ní kí wọ́n gbé Celica náà wá, kí wọ́n fi owó díẹ̀ lé e, kí wọ́n sì gbé ọkọ̀ eré tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé lọ sílé. Kí ni kí bàbá náà ṣe?

Ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni ọ̀rọ̀ náà "tuntun". Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná. Ọdún yẹn kan náà ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, níbi tí ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn rogodo tí gbogbo ayé sọ ní ìjàpá ti ń jáde. Nígbà náà, bí ènìyàn bá ní òun ra ọkọ̀ tuntun, ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó sínú rẹ̀ ni. Lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ọdún 1986, náírà wó lulẹ̀. Ọkọ̀ tíà rọ́bà wá di ti olówó ńlá, àlòkù òkè òkun sì gba ìgboro.

Orúkọ tí àwọn ènìyàn fún àlòkù yìí yẹ fún àkíyèsí ní kíláàsì. Tòkunbọ̀ ni orúkọ tí à ń sọ ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀, tí òbí rẹ̀ sì gbé wá sílé. Ọmọ náà kéré, ara rẹ̀ tutù, gbogbo ayé ni ó ṣì wà níwájú rẹ̀. Ọkọ̀ tí a sọ ní tòkunbọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó ti gbó fún ẹlòmíràn kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ènìyàn Èkó fi orúkọ ìkókó pe arúgbó, orúkọ náà sì ń tan olùrà jẹ títí di òní. Àjọ UNEP ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2020. Ó fi hàn pé láàárín ọdún 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 àlòkù ọkọ̀ kéékèèké ni wọ́n kó kiri àgbáyé, ìpín 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sì lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù.

Nítorí náà, ohun tí alágbàtà ń sọ ni pé kí bàbá náà fi àkísà tirẹ̀ pààrọ̀ àkísà ẹlòmíràn, kí ó sì fi owó lé e. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ti ara ẹni sàn jù. Ó mọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ jíà Celica náà. Ó mọ ìhà ibi tí panẹ́bítà ti lù ú àti ìdí tí ó fi lù ú. Ó mọ ariwo tí ó máa ń pa bí òjò bá ti rọ̀ sí i. Ìwé rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ̀ bóyá omíyalé ti gbé ọkọ̀ kejì rí ní ìlú tí ó ti wá? Ta ni ó mọ̀ bóyá wọ́n ti yí nọ́ńbà tí ń ka ìrìn rẹ̀ padà sẹ́yìn? Ọ̀dà tuntun bo ohun púpọ̀ mọ́lẹ̀. Ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù náà tún wà ńbẹ̀: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, ẹni tí ó bá sì ra èyí tí wọ́n yọ́ kó wọlé lè rí i kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójú pópó.

Ohun tí ó tilẹ̀ wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ náà wà ní Muṣin. Ọjà Ládípọ̀ ni ibi tí gbogbo Èkó ti í ra ẹ̀yà ara ọkọ̀. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá tí ó kọjá nítòsí ọjà náà, ibùdókọ̀ kan wà tí àwọn èrò ń pè ní Toyota, bí ẹni pé àdúgbò ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ìbí wá. Iṣẹ́ mẹkáníìkì àtijọ́ jẹ́ iṣẹ́ etí àti ọwọ́. Kábúrétọ̀ ni ó ń po epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú Celica àkọ́kọ́, ọ̀gá mẹkáníìkì sì lè fi ìtúdò kan ṣoṣo tún un ṣe bí ó ti ń fetí sí ẹ́ńjìnnì. Ọmọṣẹ́ á máa wò ó, á máa gbé irinṣẹ́ fún un, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ òun náà á gbọ́ ohun tí ọ̀gá ń gbọ́.

Ọkọ̀ eré òde òní kò gbọ́ èdè yẹn. Kọ̀ǹpútà ni ó ń pàṣẹ fún epo, fún jíà, fún búréèkì. Bí iná pupa bá tàn níwájú awakọ̀, ẹ̀rọ mìíràn ni a ó fi bi ọkọ̀ náà léèrè ohun tí ó ń ṣe é. Ní Èkó, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà dáradára wà, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀, wọ́n sì wọ́n. Àwọn yòókù á pààrọ̀ ẹ̀yà kan, kò ní ṣiṣẹ́. Wọ́n á pààrọ̀ èkejì, kò ní ṣiṣẹ́. Olówó ọkọ̀ ni yóò sanwó gbogbo rẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ pàápàá kò tó láti gbójú lé mọ́. Supra tí Toyota gbé jáde ní ọdún 2019 ni àpẹẹrẹ. Bàbá tí ó bá fẹ́ràn Celica lè rò pé ọmọ ìyá kan náà ni, nítorí ní ọdún 1978 tí Supra kọ́kọ́ jáde, Celica Supra ni orúkọ rẹ̀. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì BMW ni ó wà nínú ti 2019, ìlú Graz ní orílẹ̀-èdè Austria ni wọ́n sì ti tò ó. Kí ni ẹni tí ń ta ẹ̀yà Toyota ní Ládípọ̀ fẹ́ ṣe fún un?

Àwọn Yorùbá ní ẹni tí ó bá fi ojú àná wo òkú, ẹbọra yóò bọ́ ọ láṣọ. Ojú àná ni ó ń ti bàbá náà sí ọ̀dọ̀ alágbàtà. Ó rántí ìgbà tí ríra ọkọ̀ túmọ̀ sí pé ìyọnu ti parí, kò sì rántí pé dọ́là tí kò tó 500 náírà ní báńkì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023 ti kọjá 1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Gbogbo ẹ̀yà ọkọ̀ tuntun náà, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á wá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú àná lè bọ́ aṣọ lára ẹni tí ó kọ̀ tí kò pààrọ̀. Ọkọ̀ oníkábúrétọ̀ ń mu epo bí ọ̀mùtí, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ojúẹlẹ́gba kò sì ràn án lọ́wọ́. Ṣáájú ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, jálá bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà ní Èkó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000 ní ibi púpọ̀. Ti ẹ̀mí tún ju ti epo lọ. Celica àtijọ́ kò ní àpò afẹ́fẹ́ tí í yọ gba àyà ènìyàn dúró bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, búréèkì rẹ̀ kò sì mọ bí a ti ń dá ara dúró lórí ọ̀nà tí òjò ti rin. Ìfẹ́ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ mú kí bàbá fi irú rẹ̀ gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sí ilé-ìwé lójoojúmọ́ lórí afárá Third Mainland. Bí ìpẹtà bá ti jẹ egungun ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kò sí panẹ́bítà tí ó lè sọ ọ́ di ohun tí ó ṣe é fọkàn tán. Ẹ́ńjìnnì ṣe é pààrọ̀, ìjókòó ṣe é rán, ṣùgbọ́n egungun ni ó gbé gbogbo rẹ̀ ró.

Kí bàbá náà gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí orí ihò mẹkáníìkì ní Muṣin, kí wọ́n tan iná sí abẹ́ rẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ sì wọ abẹ́ rẹ̀ wò ó. Bí irin rẹ̀ bá le, kí ó máa tọ́jú Celica fún òwúrọ̀ Àìkú, kí ó sì fi owó tí alágbàtà ń fẹ́ gbà ra ọkọ̀ ìrìnnà lásán, irú èyí tí gbogbo mẹkáníìkì Yábàá lè tún ṣe pẹ̀lú ojú dídì. Bí irin rẹ̀ bá ti jẹrà, kí ó tà á, àmọ́ kì í ṣe fún alágbàtà. Alágbàtà á fi owó kékeré gbà á, á sì gbé e lọ fún àwọn tí ń tú ọkọ̀ ní Ládípọ̀. Ilẹ̀kùn lọ́tọ̀, jíà lọ́tọ̀, kábúrétọ̀ lọ́tọ̀, kí ó fúnra rẹ̀ tà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ṣì ń wa Celica mìíràn kiri Èkó wà níbìkan, ó ń wá ìmọ́lẹ̀ iwájú apá òsì láti ọdún tó kọjá.