Fíìmù Tó Ń Nàka Sí Ẹni Tó Ń Wò Ó

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí léraléra: "Daddy, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí Kristẹni máa wo Netflix?" Àwọn òbí náà ní tiwọn: "Pásítọ̀, ẹ bá wa bá àwọn ọmọ yìí sọ̀rọ̀, wọn ò sùn lóru mọ́, fíìmù Kòríà ṣáá ni." Mi ò ní sọ pé kí ẹ má wo nǹkan kan. Mi ò sì ní sọ pé gbogbo nǹkan ló yẹ ní wíwò. Fíìmù márùn-ún ni mo fẹ́ dárúkọ fún yín lónìí, kí n sì sọ ìdí tí mo fi rò pé ó yẹ kí onígbàgbọ́ wò wọ́n.

Ìgbà kan wà tí àwọn ìjọ kan ń pe tẹlifíṣọ̀n ní àpótí èṣù. Ẹni tó bá rà á, wọ́n á ní ó ti padà sẹ́yìn nínú ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n láti 1985 tí Mount Zion ti bẹ̀rẹ̀, mélòó nínú wa ni kò tíì sunkún rí nídìí eré wọn? Agbára Ńlá làwọn mìíràn wò tí wọ́n fi ronú pìwà dà. Àpótí yẹn náà ni o! Nítorí náà, ohun tí wọ́n gbé sínú àpótí ló yẹ ká yẹ̀ wò.

Kí la ó wá fi yẹ̀ ẹ́ wò? Tí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀, Fílípì 4:8 la máa ń sáré lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà dáadáa. Ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ́kọ́ dárúkọ níbẹ̀ ni òtítọ́. Òtítọ́ kì í sì í fìgbà gbogbo dùn. Ẹ tún wo 2 Sámúẹ́lì orí 12. Dáfídì ti gba aya aláya, ó ti pa ọkọ rẹ̀. Nígbà tí Nátánì dé, kò kọ́kọ́ bá a wí. Ìtàn ló sọ fún un, ìtàn olówó kan tó gba àgùntàn kan ṣoṣo tí tálákà ní. Inú Dáfídì ru, ó ti dájọ́ ikú fún olówó náà kí Nátánì tó nàka sí i. Òṣùwọ̀n tèmi nìyẹn. Tí mo bá wo fíìmù tán, ta ló nàka sí? Tó bá jẹ́ àwọn èèyàn burúkú tó wà lókèèrè nìkan ló nàka sí, eré lásán ni. Tó bá nàka sí èmi àti ìjọ mi, a jẹ́ pé iṣẹ́ Nátánì ló ṣe.

Àkọ́kọ́ ni Mr Bates vs The Post Office. Apá mẹ́rin ni, ITV ló gbé e jáde ní oṣù January 2024. Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni. Láti 1999, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì gbé ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Horizon, tí Fujitsu ṣe, lọ sí àwọn ẹ̀ka wọn. Ètò náà ń ṣìrò. Ó ń sọ pé owó dín nígbà tí owó ò dín. Àwọn tó ń bójú tó ẹ̀ka wọ̀nyí, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọlọ́jà kékeré ní abúlé, ni wọ́n wá ń pè ní olè. Àwọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi lé ní 900. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, àwọn kan pàdánù ilé, àwọn kan gba ẹ̀mí ara wọn. Ẹni tó bá sì pè láti béèrè ìrànlọ́wọ́, wọ́n á ní òun nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí.

Obìnrin kan wà nínú ìtàn náà, Jo Hamilton, ará abúlé South Warnborough. Ẹ̀rọ ní owó òun dín ní £2,000. Bó ṣe ń tẹ ohun tí wọ́n ní kó tẹ̀ lórí fóònù, ojú rẹ̀ náà ni gbèsè ṣe di ìlọ́po méjì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé kọ́ọ̀tù, àwọn ará abúlé rẹ̀ ò sá fún un. Wọ́n dá owó fún un, wọ́n sì tẹ̀ lé e lọ sílé ẹjọ́, tàwọn ti àlùfáà wọn.

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni fíìmù yẹn ti mú mi. Tí wọ́n bá pe àkápò ìjọ wa ní olè lọ́la, ta ló máa bá a dé kọ́ọ̀tù? Àbí ká tó jí, a ti yọ ọ́ kúrò nínú WhatsApp ìjọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe POS ṣáà mọ̀ pé ẹ̀rọ lè ní owó ti wọlé kó má wọlé. Nínú 1 Àwọn Ọba 21, ẹlẹ́rìí èké méjì ni wọ́n fi pa Nábótì. Ní Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀ǹpútà ló ṣe ẹlẹ́rìí èké, àwọn ọ̀mọ̀wé sì gbà á gbọ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníròyìn kan ti ń pariwo ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ìgbà tí eré apá mẹ́rin yìí jáde ni gbogbo ìlú tó gbaná jẹ. Ní May 2024, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin tó fagi lé ẹ̀bi àwọn èèyàn náà.

Ìkejì ni When They See Us, Netflix, 2019, apá mẹ́rin. Ava DuVernay ló darí rẹ̀. Ní 1989, wọ́n lu obìnrin kan tó ń sáré ìdárayá ní Central Park ní New York, wọ́n sì fipá bá a lò pọ̀. Ọlọ́pàá kó ọmọkùnrin márùn-ún, aláwọ̀ dúdú mẹ́rin àti ọmọ Látìn kan, ọmọ ọdún 14 sí 16. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ wákàtí bi wọ́n ní ìbéèrè, títí àwọn ọmọ náà fi ń sọ ohun tí ọlọ́pàá fẹ́ gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn, Korey Wise, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kàn sìn dé àgọ́ ọlọ́pàá. Òun ló wá pẹ́ jù lẹ́wọ̀n. Ní 2002, ẹni tó ṣe é gan-an jẹ́wọ́ nínú ẹ̀wọ̀n, àyẹ̀wò DNA sì bá a mu. Ní 2014, New York gbà láti san mílíọ̀nù 41 dọ́là fún wọn.

Kí ló kan ìjọ níbẹ̀? Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ní ilẹ̀ wa níbí, wọ́n á ti ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ́lé, wọ́n á fi ebi pa á, wọ́n á nà án, wọ́n á ní kó jẹ́wọ́ pé àjẹ́ ni. Ọmọ á jẹ́wọ́. Á ní òun lòun di ìyá òun lọ́wọ́, òun lòun pa bàbá àgbà. Tí o bá na èmi náà tó bẹ́ẹ̀, màá jẹ́wọ́! Ìjẹ́wọ́ tí a fi pàṣán gbà kì í ṣe ẹ̀rí, ì báà jẹ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá, ì báà jẹ́ lórí òkè àdúrà. Mo gbà pé agbára òkùnkùn wà. Mi ò gbà pé ọmọdé ni ká fi pàṣán wá a lára rẹ̀. Ẹ kíyè sí i o: ọ̀rọ̀ èébú àti ìwà ipá pọ̀ nínú fíìmù yìí, kì í ṣe ti ọmọdé.

Ìkẹta, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ pàtẹ́wọ́: Kòríà la lọ yìí. Extraordinary Attorney Woo, 2022, apá 16, ó wà lórí Netflix. Park Eun-bin ló ṣe Woo Young-woo, ọ̀dọ́bìnrin agbẹjọ́rò tó ní autism. Nígbà tó wà ní kékeré, kò sọ̀rọ̀ bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tó máa la ẹnu, òfin ilẹ̀ Kòríà ló ń kà jáde, torí pé ó ti ka ìwé òfin bàbá rẹ̀ sórí. Bàbá yẹn nìkan ló tọ́ ọ, ó ń ta kimbap, ìrẹsì tí wọ́n fi ewé inú òkun wé. Ọmọ náà mọ òfin ju ọ̀gá lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ń yí po ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ń dẹ́rù bà á, ariwo ń yọ ọ́ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ẹja àbùùbùtán ló sì máa ń fẹ́ sọ ṣáá.

Ní tiwa ńkọ́? Àwọn ìyá wà láàárín wa tí wọ́n ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti ilé àdúrà kan dé òmíràn. Ibì kan á ní ẹ̀mí odi ni, ibòmíràn á ní ìyá ọkọ ló ṣe é, ibòmíràn á gba owó. Ọjọ́ Ìsinmi tí ọmọ bá pariwo nínú ìjọ, a ó yí ọrùn wò wọ́n bí ẹni pé wọ́n jalè. Ìyá yẹn ò ní wá mọ́. Mo gbàgbọ́ nínú ìwòsàn, mo ń gbàdúrà fún aláìsàn. Ṣùgbọ́n autism kì í ṣe ẹ̀mí èṣù. Ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ wá olùkọ́ tó mọ̀ nípa rẹ̀, ká sì jọ máa gbàdúrà fún okun òbí. Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún nínú fíìmù yìí: kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ní autism ló máa ní irú ọpọlọ Woo. Ọmọ tí kò ní lè ka ìwé kankan sórí láéláé, àwòrán Ọlọ́run lòun náà.

Ìkẹrin, ti gbogbo ilé, àtọmọdé àtàgbà: My Octopus Teacher, 2020, Netflix. Kò tó wákàtí kan ààbọ̀. Ó gba ẹ̀bùn Oscar ní 2021. Craig Foster, ará South Africa, ń wọ inú òkun tútù lẹ́bàá Cape Town lójoojúmọ́, fún nǹkan bí ọdún kan, kó lè máa wo ẹranko omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan. Ẹja yanyan já ẹsẹ̀ kan kúrò lára ẹranko náà, ẹsẹ̀ náà sì tún hù padà. Ẹ wò ó, kí ẹ wá ka Sáàmù 104. A máa ń kọrin pé iṣẹ́ Olúwa tóbi, ṣùgbọ́n ìgbà wo la jókòó wo ọ̀kan nínú iṣẹ́ yẹn dáadáa? Ọkùnrin yìí padà sí ojú kan náà lójoojúmọ́. Àwa ò lè wo ojú ọmọ tiwa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìfọwọ́ kan fóònù.

Ìkarùn-ún ni èyí tí àwọn kan máa bínú sí mi lé lórí. Sex for Grades, BBC Africa Eye, October 2019. Ọ̀fẹ́ ni lórí YouTube. Kiki Mordi àti àwọn akọ̀ròyìn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀ tú àṣírí àwọn olùkọ́ yunifásítì kan ní Èkó àti ní Ghana, tí wọ́n ń yọ àwọn ọmọbìnrin lẹ́nu fún ìbálòpọ̀. Kiki Mordi sọ pé irú ìwà yìí ló lé òun fúnra òun kúrò ní yunifásítì. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ UNILAG tí kámẹ́rà ká mọ́, pásítọ̀ ni. Ọmọ ọdún 17 tó ń wá ààyè ìgbàwọlé ni akọ̀ròyìn tó lọ bá a pe ara rẹ̀. Ìjọ rẹ̀ ní kó bọ́ sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ìránṣẹ́, yunifásítì náà dá a dúró, wọ́n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn náà.

Àwọn kan á ní, "Pásítọ̀, kí ló dé tí ẹ ń tú ìdí ilé Ọlọ́run síta?" Èmi kọ́ ni mo tú u, ẹni tó hùwà náà ló tú u. Àwọn mìíràn á ní ká má fọwọ́ kan ẹni àmì òróró. Ọmọbìnrin ọdún 17 ńkọ́? Ta ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan òun? Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí bá àwọn ọmọbìnrin yín wo èyí kí wọ́n tó wọ yunifásítì. Kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá ní kí wọ́n wá sí ọ́fíìsì òun nìkan, tó ti ilẹ̀kùn, tó pa iná, kò sí orúkọ oyè tó lè sọ ọ́ di ẹni rere. Kí wọ́n sì mọ̀ pé tí wọ́n bá wálé wá sọ, a máa gbà wọ́n gbọ́. Tó bá jẹ́ pásítọ̀ ni, kí wọ́n sọ. Tó bá jẹ́ èmi ni, kí wọ́n sọ.

Ní ti bí ẹ ṣe máa wò wọ́n: ẹ má fi òru wo apá 16. Apá kan tàbí méjì lọ́jọ́ kan ti tó, ẹ sì wò ó pọ̀, kí ẹ sọ̀rọ̀ lé e lórí lẹ́yìn náà. Tí dátà bá wọ́n, ẹ wà á sórí fóònù níbi tí Wi-Fi bá wà, kí ẹ wò ó nílé. Ẹ wo ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sára fíìmù kí ẹ tó gbé fóònù fọ́mọ. Squid Game, fún àpẹẹrẹ, sọ òótọ́ nípa gbèsè àti ìfẹ́ owó, ṣùgbọ́n ìpànìyàn inú rẹ̀ kì í ṣe fún ọmọdé rárá.

Dáfídì ní agbára láti pa Nátánì lọ́jọ́ yẹn. Kò pa á, ó gbọ́, ó sì sunkún. Ìjọ tí kò bá fẹ́ gbọ́ ìtàn tó nàka sí i, àwọn ọmọ rẹ̀ náà ló máa jìyà rẹ̀: àkápò tí a pè ní olè, ọmọdé tí a pè ní àjẹ́, ìyá tó dá jókòó sílé lọ́jọ́ Ìsinmi, ọmọbìnrin tí kò rí ẹni sọ fún.

Olúwa á la ojú wa, á sì fún wa ní ọkàn tó ń gbọ́ ìbáwí, ní orúkọ Jésù. Àmín.