Ta ni wọ́n máa mú? Àsọtẹ́lẹ̀ bọ́ọ̀lù kò yẹ kó ta ilẹ̀ ẹbí

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Àmọ́ ó jọ pé àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kò ka ọ̀rọ̀ àgbà yìí sí. Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, kò sí ibi táwọn èèyàn kì í ti í sọ àsọtẹ́lẹ̀ bọ́ọ̀lù, yálà nídìí fẹ́ńdọ̀ ni o, ní gáréèjì ni o, tàbí lábẹ́ igi tí àwọn àgbà ti ń ta ayò. Bí orúkọ àwọn tí yóò ṣojú Super Eagles bá ti fẹ́ jáde, ariwo á sọ: lágbájá ni kóòṣì máa mú, tàmẹ̀dò ni yóò já sílẹ̀. Àwọn àgbà tó ta púùlù láyé ọjọ́un mọ bí nǹkan wọ̀nyí ṣe máa ń dùn lẹ́nu tó, wọ́n sì mọ iye ìgbà tí kúpọ́ọ̀nù wọn di bébà tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀pà.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, iṣẹ́ gidi ni irú àsọtẹ́lẹ̀ yìí. Nínú bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n máa ń gbá mọ́ àyà sá kiri, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní draft, tí ìdíje NFL ti ń ṣe láti ọdún 1936. Dípò kí àwọn kíláàbù máa já ọmọ tó ń jáde ní yunifásítì gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n á tò sórí ìlà. Kíláàbù tó ṣe dáadáa kéré jù lọ́dún tó kọjá ni yóò kọ́kọ́ mú ẹni tó wù ú, èyí tó tẹ̀ lé e á mú tirẹ̀, títí tí àwọn kíláàbù 32 yóò fi mú un yípo nígbà méje. Kí ọjọ́ náà tó pé, àwọn oníròyìn á ti tò ó lẹ́sẹẹsẹ pé báyìí-báyìí ni wọ́n ṣe máa mú wọn.

Ẹ wo ibi tó máa ń já sí. Jay Berwanger, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ mú lọ́dún 1936, kò gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo nínú ìdíje náà títí ó fi kú. Lọ́dún 2000, èèyàn 198 ni wọ́n mú kí wọ́n tó kan Tom Brady, òun náà ló sì padà gba ife ẹ̀yẹ Super Bowl nígbà méje. Nídìí bọ́ọ̀lù alájùsínú agbọ̀n, níbi tí wọ́n ti ń ṣe irú ètò kan náà, Michael Olowokandi tí wọ́n bí sí Èkó ni wọ́n kọ́kọ́ mú lọ́dún 1998, kò sì di ohun tí wọ́n retí. Lọ́dún 2013, ọmọkùnrin kan láti Gíríìsì ló ṣe ìkẹẹ̀ẹ́dógún, Giannis Antetokounmpo. (Adétòkunbọ̀ lorúkọ yẹn, àwọn Gíríìkì ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.) Òun ni wọ́n pè ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú ìdíje náà lọ́dún 2019 àti 2020, òun àti Milwaukee Bucks sì gba ife lọ́dún 2021. Àwọn tó ń mú wọn yìí, owó gọbọi ni wọ́n ń gbà, wọ́n ní fídíò, wọ́n ní dókítà, wọ́n sì ń ṣì í mú.

Ẹni tó bá ń bi ara rẹ̀ pé kí ló kan Ìkòròdú nínú ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà, kó gbọ́ ti Asisat Oshoala. Ìkòròdú ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1994, ìwé ni àwọn òbí rẹ̀ sì fẹ́ kó kà. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún FC Robo l'Ékòó àti Rivers Angels ní Port Harcourt. Nígbà tó máa fi di ọdún 2014, ní Kánádà, òun ló gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù àti ti ẹni tó gbá góòlù sáwọ̀n jù nínú ìdíje àgbáyé àwọn obìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún. Liverpool, Arsenal, Ṣáínà àti Barcelona ló gbà kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ti fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó mókè jù nílẹ̀ Áfíríkà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ló dara pọ̀ mọ́ Bay FC ní California. Ọdún yẹn gan-an ni kíláàbù náà bẹ̀rẹ̀ sí í kópa nínú líìgì àwọn obìnrin Amẹ́ríkà, tí ọ̀rọ̀ sì pọ̀ lórí àwọn ọmọ yunifásítì tí wọ́n máa mú nínú draft oṣù kìíní. Orúkọ Oshoala kò lè sí nínú irú àsọtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ọwọ́ Barcelona ni wọ́n ti rà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bay FC gbá ìdíje wọn àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún náà, tí wọ́n na Angel City ní oókan sí òdo, góòlù àkọ́kọ́ nínú ìtàn kíláàbù náà, ẹsẹ̀ ọmọ Ìkòròdú ló ti wá.

Èyí tó tún yẹ kéèyàn fi etí sí ni pé ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 yìí kan náà, líìgì àwọn obìnrin ọ̀hún àti ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù fẹnu kò pé kò sí draft mọ́. Wọ́n ní kí kálukú máa yan ibi tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́. Ohun tó dára ni wọ́n ṣe. Ọmọ èèyàn kì í ṣe ẹran Iléyá tí wọ́n ń pín.

Ní Nàìjíríà níbí, kò sí draft nínú líìgì wa. Ìkòròdú ti rí kíláàbù méjì nínú líìgì tó ga jù: Ikorodu United wọlé lọ́dún 2016, wọ́n sì já bọ́ lọ́dún yẹn náà, Ikorodu City wá gòkè lọ́dún 2024. Ohun tí wọ́n fi ń mú ọmọ ni ìdánwò lórí pápá, ojú kóòṣì, àti ẹnu ẹni tó bá mọ ọmọ náà. Kò sí ìlà, kò sí àkọsílẹ̀ tí gbogbo ayé lè yẹ̀ wò. Àyè tó ṣí sílẹ̀ yìí làwọn ayédèrú agẹ́ńtì gbà wọlé.

Àwọn wọ̀nyí kì í sọ pé bóyá. Wọ́n á dé pẹ̀lú mọ́tò tó ń dán, wọ́n á wo ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù nínú eruku, wọ́n á ní kíláàbù kan ní Yúróòpù ti mú un tán, owó físà àti owó fọ́ọ̀mù ló kù. Apẹja l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ á ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀, ìyá á kó àjọ tó fẹ́ fi ra ọjà, ẹbí n'Íkòròdú á gé ilẹ̀ fún oníbàárà. Nígbà tó bá yá, ọmọ á bá ara rẹ̀ nínú òtútù ìlú tí kò mọ ẹnikẹ́ni, fóònù agẹ́ńtì ò ní lọ mọ́. Ìṣòro yìí ti pẹ́ débi pé lọ́dún 2000, Jean-Claude Mbvoumin, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Kamẹrúùnù rí, dá ẹgbẹ́ Foot Solidaire sílẹ̀ ní Faransé nítorí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ta púùlù tí kò jẹ, owó ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló lọ. Ẹni tó ta ilẹ̀ nítorí àsọtẹ́lẹ̀, ti àwọn tí wọn kò tíì bí ló tà.

Àwọn kan á ní láìsí agẹ́ńtì, ta ló máa mọ̀ pé ọmọ wà l'Ẹ́pẹ̀ẹ́? Òótọ́ ni. Àmọ́ agẹ́ńtì tòótọ́, FIFA ló ń fún un níwèé àṣẹ lẹ́yìn tó bá ti ṣe ìdánwò, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹnikẹ́ni sì ti lè wo orúkọ rẹ̀. Ara owó tí agbábọ́ọ̀lù bá ń gbà ni tirẹ̀ ti ń jáde, kì í ṣe àpò bàbá ọmọ. Òfin FIFA tún sọ pé kíláàbù òkè òkun kò gbọdọ̀ mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, yàtọ̀ sí àwọn ìdí díẹ̀, bíi kí òbí ọmọ kó lọ sí ìlú náà nítorí ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Nítorí náà, ẹni tó bá ní wọ́n ti mú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún láti Ẹ̀pẹ́, tí òbí rẹ̀ ṣì jókòó sílé, kí wọ́n ní kó sọ èyí tó bá a mu nínú àwọn ìdí náà kí wọ́n tó gbé omi fún un mu.

Ibi tó yẹ kí àwọn alábòójútó kíláàbù kéékèèké ná agbára wọn sí nìyí, dípò àsọtẹ́lẹ̀. Bí kíláàbù kan bá ra agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ kíláàbù orílẹ̀-èdè mìíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn kíláàbù tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 títí dé 23. Ká ní mílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n rà á, kíláàbù Ẹ̀pẹ́ tó kọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 títí dé 15 ní 10,000 dọ́là níbẹ̀. Bó bá tún lo ọdún 16 àti 17 lọ́dọ̀ wọn, 10,000 mìíràn á tún wọlé. Ṣùgbọ́n kíláàbù tí NFF mọ̀, tó sì fi orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọọdún, nìkan ló lè gbà á. Èyí tó jẹ́ pé inú orí kóòṣì ni gbogbo àkọsílẹ̀ wà kò ní rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, kódà kí gbogbo ìlú máa pariwo pé àwọn ló kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù.