Ọta Kò Mọ Ọ̀tá



Àwa ará Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó kò gbọdọ̀ gbàgbé ogun Àgídìǹgbì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Ọba Kòsọ́kọ́ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bá jà, ṣùgbọ́n iná ọta wọn jó ilé àwọn tí kò mọ ìdí ìjà. Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí ó padà ní 1862, àwọn ènìyàn rẹ̀ ni wọ́n tẹ àdúgbò wa yìí dó.

Orí wáyà ni wọ́n ti ń ja ogun mìíràn lóde òní. Ẹnìkan ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan ní Làìbéríà háyà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Daniel Kaye, kí ó da iṣẹ́ Lonestar rú, nítorí ọjà kan náà ni wọ́n jọ ń tà. Kámẹ́rà àti ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì onílé-onílé ni ó kó jọ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, tí ó fi kọlu Lonestar. Níbi tí ó ti ń wá ẹ̀rọ kún ẹ̀rọ, ó da ẹ̀rọ oníbàárà Deutsche Telekom bí 900,000 rú ní Jámánì! Ní 2019, ilé-ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n.

Ti oníṣòwò nìyẹn. Ti ìjọba ńkọ́? Ohun ìjà tí àwọn amí Amẹ́ríkà fi pamọ́ bọ́ sọ́wọ́ olè. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, òun ni WannaCry fi ti kọ̀ǹpútà ilé-ìwòsàn pa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ọ̀rẹ́ Amẹ́ríkà ni Gẹ̀ẹ́sì.

Ní 2015, àwọn amòye Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá ìlànà 11: kí ìjọba kan má ṣe ba ohun tí ará ìlú gbẹ́kẹ̀ lé jẹ́, kí ó má sì jẹ́ kí a ti ilẹ̀ òun ṣe ẹlòmíràn níbi. Ó dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹgba lẹ́yìn rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó bá tọ́jú ẹ̀tù sílé gbọ́dọ̀ mọ ibi tí iná rẹ̀ lè dé.

Àwa náà ní iṣẹ́ tiwa. Páásíwọọ̀dù tí kámẹ́rà bá gbé dé láti ilé-iṣẹ́ ni irú olè báyìí sábà máa ń bá wọlé. Ẹ yí tiyín padà lónìí, kí ilé yín má baà di ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn lu aládùúgbò.