Oògùn Ibà Kọ́ Ni Oògùn Gbogbo Ara Gbígbóná

Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́. Bí ara bá ti gbóná ládùúgbò wa, kẹ́míìsì ni à ń gbà lọ. Wọn a da oògùn ibà, oògùn orí fífọ́ àti kápúsù pọ̀ sínú ọ̀rá, ó parí. Ọjọ́ márùn-ún ni ẹ̀gbọ́n mi fi lo irú rẹ̀ kí a tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní fáírọ́ọ̀sì ni. Kápúsù tí ń pa bakitéríà kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Inú sẹ́ẹ̀lì ara wa ni fáírọ́ọ̀sì ti ń bímọ. Ohun èlò sẹ́ẹ̀lì náà ló sì ń lò. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kì í káwọ́ gbera. Bó bá ti fura pé olè wọlé, á paná ilé ìdáná: á dín purotéènì tó ń ṣe kù, kí olè má bàa rí nǹkan lò. Á tún ké sí àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Igbe yẹn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní interferon. Ó wà lára ohun tí ń mú ara gbóná, tí ń mú ara ro.

Olè náà gbọ́n. Fáírọ́ọ̀sì ibà Lassa, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ìlú Lassa ní Borno lọ́dún 1969, ní purotéènì kan tí ń jẹ àmì tí sẹ́ẹ̀lì ì bá fi dá a mọ̀ run, bí olè tí ń pa ipasẹ̀ ara rẹ̀ rẹ́. Kí ariwo tó ta, ó ti pọ̀. Ìdí nìyí tí ọjọ́ márùn-ún nídìí kápúsù fi léwu: ribavirin tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, àtètèlò ló dára jù.

Ẹ lè ní owó ilé ìwòsàn wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ni àyẹ̀wò ibà ń gbà, kì í tó ìdajì wákàtí. Bí kò bá sí ibà níbẹ̀, tàbí tí a lo oògùn tí ara kò balẹ̀, ẹ má padà sí kẹ́míìsì. Ẹ sì yé sá ẹ̀lùbọ́ àti gààrí sétí títì fún eku. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ni Lassa ń bá wọlé.

Sẹ́ẹ̀lì tí ojú lásán kò lè rí mọ̀ pé bí olè bá wọlé, à á dáwọ́ dúró, à á ké gbàjarè. Àwa tí a ni ara ńkọ́?