Bí Ilé Kò Bá Sinmi: Ọ̀rọ̀ Lórí Kíkọ́ Ọmọ Kékeré Nílé Ní Minna

Ǹjẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ wo orúkọ tí a ń pe ilé-ìwé àwọn ọmọ kéékèèké rí? Jẹ́léósinmi. Orúkọ náà kò sọ pé kí ọmọ mọ̀wé, kò sọ pé kí ó gbọ́n. Ohun tó sọ ni pé kí ilé sinmi. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kì í jẹ́ kí àgbà gbádùn. Ẹ mú un lọ, kí ìyá rẹ̀ lè mí. Ẹni tó bá wá sọ pé òun fẹ́ máa kọ́ ọmọ òun kékeré nílé, ìsinmi yẹn gan-an ni yóò kọ́kọ́ fi sílẹ̀, àwọn èèyàn kì í sì í sọ ọ́ fún un. Ìwé tí yóò rà ni wọ́n á máa sọ.

Ní Minna níbí, ó jọ lójú mi pé àwọn òbí tó ń ro irú èrò yìí ń pọ̀ sí i. Owó ilé-ìwé ló lé àwọn kan dé ibẹ̀. Ẹ̀rù ló lé àwọn mìíràn. Ta ni yóò gbàgbé Kagara ní oṣù kejì ọdún 2021? Ta ni yóò gbàgbé àwọn ọmọ ilé kéwú tí wọ́n kó lọ ní Tegina ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún kan náà, tí àwọn kan nínú wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè rin ìrìn àjò? Nígbà tí wọ́n sì tún jí ọmọ tó ju igba lọ gbé ní ilé-ìwé kan ní Papiri ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba ìpínlẹ̀ Niger ní kí wọ́n ti gbogbo ilé-ìwé pa. Òótọ́ ni pé Papiri jìnnà sí Minna, ṣùgbọ́n ọkàn abiyamọ kì í fi ibùsọ̀ wọn ewu. Láti ìgbà náà ni àwọn ìyá ti ń da ìbéèrè bo àwa tí wọ́n mọ̀ pé a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Báwo ni a ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Kí ni a ó kọ́kọ́ rà?

Èsì tèmi ni pé kí wọ́n má tíì ra ohunkóhun. Èèyàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá. Ohun tí ojú mi rí ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa ní Kpakungu tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì. Télọ̀ ni. Ní ọdún 2023, ọmọ ọdún mẹ́rin ni àwọn ìbejì rẹ̀, wọ́n sì ń lọ sí jẹ́léósinmi kan tí n kò ní dárúkọ. Lọ́jọ́ kan, ìtọ̀ gbọ̀n Kẹ́hìndé, ó sì fi Yorùbá sọ fún olùkọ́. Olùkọ́ ní òun kò gbọ́, kí ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin! Ó tọ̀ sára níbi tó dúró sí, wọ́n sì nà án nítorí pé ó tọ̀ sára. Lọ́jọ́ kejì ni ìyá rẹ̀ lọ kó àwọn méjèèjì kúrò, kò tilẹ̀ dúró béèrè owó tó kù.

Ó ra pátákó ìkọ̀wé. Ó ra agogo. Bẹ́ẹ̀ ni, agogo! Ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ni yóò lù ú nínú pálọ̀, àwọn ìbejì yóò tò, wọn yóò kí i ní Gẹ̀ẹ́sì, wọn yóò sì jókòó títí di ọ̀sán gangan. Aṣọ oníbàárà ń ga bí òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, bí àwọn ọmọ bá ti rí agogo náà ni wọ́n ń sunkún, ìyá wọn náà sì ń sunkún ní kọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀, tó ń wakọ̀ lọ sí Bida, ní òun ti sọ tẹ́lẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ pè láti Ọ̀fà, ó ní bó bá jẹ́ pé owó ilé-ìwé ni kò sí, kí wọ́n sọ ọ́ kí àwọn ẹbí lè dá a jọ.

Ẹni tó gbà á sílẹ̀ ni màmá Tápà kan tó máa ń gbé aṣọ wá fún un, olùkọ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo wá gba ṣòkòtò mi. Màmá náà wo pátákó, ó wo agogo, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ta ló ní kí o gbé ilé-ìwé wá sínú ilé? Àwa tí wọ́n ń sanwó fún, a ò rí ọmọ ọdún mẹ́rin mú jókòó fún wákàtí mẹ́rin. Fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọ́ wọn láàárọ̀. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí wọ́n wà lọ́dọ̀ rẹ níbi iṣẹ́." Ìyá Ìbejì ní, "Mà, kí ni wọ́n á máa ṣe níbi iṣẹ́?" Màmá náà mú téèpù ìwọṣọ kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó nà án sílẹ̀, ó pe Táíwò.

Téèpù yẹn ló di ìwé ìṣirò wọn. Nọ́ńbà inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1 títí dé 60, ó tò tẹ̀lé ara wọn, ọmọ sì lè fi ìka tọ̀ ọ́ lọ. Wọ́n wọn tábìlì, wọ́n wọn ẹsẹ̀ mi, wọ́n wọn ìrù ológbò. Bọ́tìnnì ni wọ́n fi ń ṣa nǹkan sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́: pupa lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀, oníhò méjì lọ́tọ̀, oníhò mẹ́rin lọ́tọ̀. Bàbá wọn, tó ń bínú tẹ́lẹ̀, gbé ọpọ́n ayò dé láti Bida lọ́jọ́ kan. Ilé méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ 48. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kà á fúnra rẹ̀. Òǹkà Yorùbá fúnra rẹ̀ sì ni olùkọ́. Ẹ to ogún bọ́tìnnì, ẹ ní kí ọmọ yọ mẹ́rin, ohun tó kù ni ẹẹ́rìndínlógún. Ọmọ tó bá ti ṣe èyí ti mọ àyọkúrò kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sí pátákó fún un.

Ní ti ìwé kíkà, a kò bẹ̀rẹ̀ láti A. Orúkọ wọn la fi bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí ọmọ fẹ́ràn bí orúkọ ara rẹ̀. Lẹ́tà Yorùbá kò ju 25 lọ, fáwẹ̀lì aláìránmúpè méje ló wà nínú rẹ̀, bí a sì ṣe ń pè é náà ni a ṣe ń kọ ọ́. Ẹ fi èyí wé wàhálà Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ ni a lò lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀dà tó ti gbó tí bàbá mi fi kàwé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, "Yorùbá kẹ̀? Ní ìlú àwọn Gbagyi, Tápà àti Haúsá?" Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn. Láti ìgbà tí rélùwéè ti kó àwọn bàbá wa wá sí Minna ni ọmọ Yorùbá ti ń dàgbà síbí, èdè wa kì í sì í ṣe èdè tí ilé-ìwé ibí ń fi kọ́ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ló kù. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1970 títí dé 1978 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìdánwò yìí ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà ta àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀nà yọ. Bí ìjọba bá fẹ́ gbàgbé, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, ṣé àwa náà yóò gbàgbé ni?

Ó tó gẹ́ẹ́. Mo fẹ́ padà sórí ọ̀rọ̀ èèyàn tí mo ní kí wọ́n wá. Nígbà òjò ọdún náà, ibà dá Ìyá Ìbejì dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀kọ́ sì dúró gbagidi. Màmá Tápà yẹn náà ló ní kí ó wá ìyá mẹ́ta kún ara rẹ̀. Kò lọ jìnnà. Ọ̀kan wà nínú ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ọ̀kan jẹ́ oníbàárà tó ń lọ sí àsàlátù, ìkẹta ń ta ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, Gbagyi ni. Ilé mẹ́rin, ọmọ méje. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀ láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀. Lọ́dọ̀ Gbagyi, iṣu ni wọ́n ń gbìn lẹ́yìnkùlé, èdè Gbagyi ni wọ́n sì fi ń kí ara wọn níbẹ̀. Òfin wọn kò pọ̀: kò sí owó gbígbà, oúnjẹ ọmọ kálukú wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ na ọmọ ẹlòmíràn, ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá kí ó ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n jà lẹ́ẹ̀kan lórí bísíkíìtì. Wọ́n parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí ẹnìkan nínú wọn tó tún dá ẹrù náà gbé, èyí sì ni mo pè ní ìrànlọ́wọ́.

Kì í ṣe àwa la bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òfin ẹ̀kọ́ wọn ti ọdún 1996 gba òbí láàyè láti kọ́ ọmọ ní ọ̀nà mìíràn yàtọ̀ sí ilé-ìwé, àwọn òbí ti dá ẹgbẹ́ Education Otherwise sílẹ̀ láti 1977 kí wọ́n lè máa ran ara wọn lọ́wọ́. Ọdún yẹn náà ni John Holt bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn kan fún irú òbí bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà wọn sí ara wọn ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Òfin ńkọ́? Òfin UBE ti ọdún 2004 sọ ọ́ di dandan pé kí òbí rí i pé ọmọ rẹ̀ lọ sí pírámárì, kí ó sì parí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹni tó bá rú u, ìkìlọ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ fún un. Bó bá tún ṣe é, owó ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Jẹ́léósinmi kò sí nínú dandan yẹn, ọmọ ọdún mẹ́fà ni ìlànà ètò ẹ̀kọ́ wa sì fi sí pírámárì kìn-ín-ní. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá ọdún mẹ́fà nílé, kí ó kọ́kọ́ lọ bá àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe Chanchaga tàbí Bosso. Kí n sì sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: ọmọ tó wà nílé tó ń kiri ọjà, tàbí tó ń pọn àbúrò láti òwúrọ̀ dé alẹ́, kì í ṣe ọmọ tí a ń kọ́ nílé. A ti rí òbí tó fi orúkọ yìí bo ìyẹn. Ìyá Ìbejì ní ìwé kan tó ń kọ déètì àti ohun tí wọ́n ṣe sí lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ìlà kan.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, àwọn ìbejì wọ pírámárì kìn-ín-ní ní ilé-ìwé ìjọba. N kò ní parọ́: Gẹ̀ẹ́sì wọn kò tó ti àwọn ọmọ tó wá láti jẹ́léósinmi, ojú sì ti ìyá wọn níwájú olùkọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ka Yorùbá, wọ́n ń ṣe ìṣirò, wọn kì í sì í sunkún lọ sí ilé-ìwé. Nígbà tí ìjọba ti ilé-ìwé pa ní oṣù kọkànlá, wọ́n padà sídìí téèpù àti bọ́tìnnì. Ọmọ méje di mọ́kàndínlógún láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹgbẹ́ wa rèé. Àwa mẹ́ta péré ló ń lọ síbẹ̀ ní Sátidé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo kó ètò ìkọ́ni ojú ewé mẹ́ta dání, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Kí n tó parí ìfáárà, Táíwò ti sùn. Ohun tí mo ti kọ́ lórí ẹní yẹn, n kò rí i kọ́ nínú kíláàsì kankan. Bẹ́ẹ̀, a pọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ní Sátidé ju aṣọ fífọ̀ lọ. Ọmọ mọ́kàndínlógún ju agbára èèyàn mẹ́ta lọ, àwọn ìyá ní Tunga náà sì ti ń béèrè bóyá a lè wá sọ́dọ̀ àwọn. A kò lè dá wọn lóhùn títí a ó fi mọ iye tí a jẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kí ó wá bá mi lẹ́yìn kíláàsì ní Ọjọ́bọ̀. Kò nílò owó. Kí ó mú àlọ́ kan dání, kí ó má sì jẹ́ ti Ìjàpá, nítorí àwọn ọmọ náà ti gbọ́ ti Ìjàpá tán, àwọn gan-an ló ń pa á fún wa báyìí.