Oúnjẹ Àdánidá fún Ológbò: Kí Ni Ó Jẹ́ Gan-an?

Àwọn kan nínú ẹ̀yin ònkàwé wa yóò rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ bá rí àkọlé ọ̀rọ̀ wa tòní. Ẹ ó wí pé ní orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná, ọ̀rọ̀ ilé-ìwé àti ọ̀rọ̀ owó ọjà kò tíì lójú, kí ni ó kan oníwèé-ìròyìn pẹ̀lú oúnjẹ ológbò? Ìdáhùn wa kò gùn. Ẹni tí ó bá mú ẹran wá sínú ilé rẹ̀, tí ó sì tì í mọ́lé, ti gba ẹ̀mí ẹran náà sọ́wọ́. Bí kò bá mọ ohun tí ó yẹ kí ó fún un jẹ, àìmọ̀kan rẹ̀ lè pa á. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀rọ̀ ológbò yìí jẹ́ dígí tí a lè fi wo ara wa: bí a ti ń gba ohun gbogbo tí a bá kọ ọ̀rọ̀ dídùn sí lára gbọ́, àti bí a ti ń wí pé "bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ń ṣe" láì bi ara wa léèrè ohun tí àwọn baba wa ń ṣe ní tòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn àgbà. Wọ́n ní láyé àtijọ́, òkèlè ẹ̀bà tàbí àmàlà tí a bu omi ọbẹ̀ sí ni ológbò ń jẹ, kò sì kú. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òtítọ́ ni. Ológbò ayé àtijọ́ kò fi òkèlè náà gbé ẹ̀mí ró. Ní òru, nígbà tí onílé bá sùn, ó ń bẹ nínú àká, ó ń bẹ lẹ́yìn ààrò, ó ń pa eku, ó ń pa aláǹgbá, ó ń pa ẹyẹ àti tata. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pa á lówe pé bí ológìnní bá jáde, ilé a di ilé èkúté. Ṣùgbọ́n ológbò òde òní tí ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Èkó tàbí ní Kánò, lẹ́yìn fèrèsé onírin àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, kò rí eku pa. Ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀ nìkan ni ó ní. Ẹni tí ó bá ń fún irú ológbò bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀bà lójoojúmọ́ kò tẹ̀lé àṣà àwọn baba wa. Ìdajì àṣà náà ni ó mú, ìdajì tí kò níláárí.

Ẹbí ẹkùn àti kìnnìún ni ológbò. Ológbò igbó tí ń gbé ní ilẹ̀ gbígbẹ ní Áfíríkà àti ní Ìlà-Oòrùn tí ó súnmọ́ wa ni baba ńlá rẹ̀, ẹran pípa ni oúnjẹ ìran wọn. Nítorí náà, ara rẹ̀ kò lè ṣe ohun tí ara wa ń ṣe. Epo pupa tí ń fún ọmọ ènìyàn ní fítámì A kò wúlò fún un bẹ́ẹ̀, nítorí inú ẹran nìkan ni ó ti lè rí fítámì náà gbà. Ní ọdún 1975, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ológbò tí kò bá rí èròjà kan tí a ń pè ní taurine nínú oúnjẹ rẹ̀, ojú rẹ̀ yóò máa kú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fọ́. Ní 1987, àwọn mìíràn fi hàn pé àìtó èròjà yìí kan náà ń sọ ọkàn ológbò di aláìlágbára, tí kò fi ní lè máa ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara mọ́. Taurine kò sí nínú gàrí, kò sí nínú ìrẹsì, kò sí nínú ẹ̀wà. Inú ẹran àti ẹja ni ó wà.

Àwọn ọ̀làjú ìgboro yóò wá wí pé, "Ìdí nìyí tí àwa fi ń ra ti inú agolo, tí wọ́n kọ 'àdánidá' sí lára." Àwa náà ti gbé òkè òkun, a sì ti rí pẹpẹ tí ó kún fún irú agolo bẹ́ẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Àwa kò bú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé púpọ̀ nínú àwọn ológbò tí a rí àìsàn ọkàn lára wọn ní 1987, oúnjẹ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń jẹ. Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò fi kún iye taurine inú rẹ̀. Ẹ rántí ọdún 2007, nígbà tí kẹ́míkà melamine wọ inú oúnjẹ ajá àti ológbò ní Amẹ́ríkà àti Kánádà láti inú èròjà àlìkámà tí a kó wá láti Ṣáínà, tí kíndìnrín àwọn ẹran ọ̀sìn sì bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ náà "àdánidá" ń sọ ibi tí èròjà ti wá ni. Kò sọ pé oúnjẹ náà tó fún ológbò. Ẹni tí yóò bá ra agolo, kí ó wá ibi tí a ti kọ ọ́ pé oúnjẹ náà pé, ó sì dọ́gba fún ológbò, kí ó sì wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n wí pé àdánidá ni kí a fún un ní ẹran tútù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ológbò kan kú ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà nítorí pé kòkòrò àìsàn adìẹ wà nínú ẹran tòlótòló tútù tí ó jẹ. Àwa tí a kọ́kọ́ rí àìsàn yìí láàárín wa ní Áfíríkà, ní ọdún 2006, kò yẹ kí a fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ẹja tútù pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀, nítorí àwọn ẹja kan ń ba fítámì B1 jẹ́ lára ológbò. Iná ni ó ń pa agbára ìbàjẹ́ náà.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Ọjà wa kò ṣaláìní. Ọkàn adìẹ, tí taurine pọ̀ nínú rẹ̀, iwe rẹ̀, ẹja ṣáwá tí a ti yọ eegun rẹ̀, ẹyin: kí a fi omi lásán bọ̀ wọ́n, láì fi iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà sí i, nítorí àlùbọ́sà àti ààyù ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Kí a má ṣe da omi tí a fi bọ̀ ọ́ nù, nítorí taurine ń yọ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ dára, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni kí ó jẹ́. Bí ó bá pọ̀ jù, eegun ọrùn rẹ̀ yóò gan. Ẹran nìkan kò ní ohun tí ń mú eegun le tó. Èèpo ẹyin tí a lọ̀ kúnná lè ṣe ìrànlọ́wọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi oúnjẹ ilé nìkan bọ́ ológbò títí, kí ó lọ bi dókítà ẹran léèrè. Omi mímọ́ kò gbọdọ̀ wọ́n níwájú rẹ̀: nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ara eku jẹ́ omi, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ gbígbẹ inú àpò kò ju nǹkan bí 10 lọ.

A mọ̀ pé ọmọ ènìyàn ń bẹ tí kò rí ẹran jẹ. Kò sí ẹni tí ó ní kí a gbà á lẹ́nu ọmọ fún ológbò. Ẹni tí kò bá lágbára ẹran díẹ̀ yìí, kí ó má ṣe ti ológbò mọ́lé. Kí ó jẹ́ kí ó máa ṣọdẹ, kí ó sì má ṣe dẹ májèlé fún eku tí ológbò náà lè jẹ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni a parí ọ̀rọ̀ sí. Ẹ bi àwọn ọmọ kíláàsì yín léèrè ohun tí ológbò ilé wọn jẹ lánàá, kí ẹ sì ní kí wọ́n ro ìdí rẹ̀. Ọmọ tí ó bá kọ́ láti béèrè ohun tí ó wà nínú agolo kí ó tó gba ohun tí a kọ sí ara rẹ̀ gbọ́, kò ní ṣòro fún un lọ́la láti béèrè ohun tí ó wà nínú ìlérí àwọn tí ń wá ìbò rẹ̀.