Ẹ má yọ owó ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ yín lọ gba oògùn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ẹja inú yìnyín n'Ìjọra, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú àwọn tó ń bá yín gbé páálí ẹja máa lo oògùn HIV, kẹ́ ẹ má sì mọ̀. Ìròyìn kan wà báyìí tó lè mú kó dá a dúró.

Ní Durban, ní South Africa, àwọn oníwádìí pa oògùn pọ̀ fún 20 obìnrin tó ní kòkòrò náà: abẹ́rẹ́ oríṣi méjì tó ń gbógun tì í, àti hóró vesatolimod tó ń ta ọmọ ogun ara jí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá oògùn ojoojúmọ́ wọn dúró. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, wọ́n kéde pé mẹ́rin ti lò ju ọdún kan lọ láìpadà sí i. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n kòkòrò tún gbérí lára ọ̀pọ̀ àwọn yòókù, wọ́n sì dá wọn padà sídìí oògùn, torí pé wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lemọ́lemọ́. Ta ni yóò máa yẹ ti aláàárù Ìjọra wò?

Ní 2002 tí ètò ìjọba bẹ̀rẹ̀, ₦1,000 ni aláìsàn ń san lóṣù. Láti 2006 ló ti di ọ̀fẹ́. Ohun tó ṣì ń ná wọn lówó ni ọjọ́ iṣẹ́ tí wọ́n fi ń lọ gbà á, bóyá ní NIMR ní Yábàá. Ọ̀gá tó bá yọ owó ọjọ́ yẹn ló ń ti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ láti dá oògùn dúró. Ẹ san án. Ẹ má sì bi í pé oògùn kí ni: òfin ọdún 2014 kò gbà kẹ́ ẹ fipá mú un ṣàyẹ̀wò, tàbí kẹ́ ẹ lé e nítorí HIV.